Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọkùnrin ìjọ wa ní Ìsánlú: ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì wá ní Ọjọ́rú

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin ọkọ wa àti ẹ̀yin àbúrò wa lọ́kùnrin,

Okun o. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú oko, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó pé obìnrin ló ń kọ̀wé sí yín, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi ó ti lé lọ́dún kan, mo ti sọ díẹ̀ níbẹ̀ fún ìyàwó pásítọ̀, mo ti sọ díẹ̀ fún ọkọ mi, àmọ́ ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ ọ́, ìdí tí mo fi gbé e síta nìyẹn kó lè kàn yín lórí fóònù níbi tẹ́ ẹ bá wà.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé ilé ni, àwa díẹ̀ nínú ìjọ tá a jọ wà ládùúgbò kan tá a máa ń pé jọ nílé ní Ọjọ́rú, èyí tí àwọn kan ń pè ní fẹ́lóṣíìpù ilé, tí àwọn ìjọ míì ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Orúkọ yòówù kẹ́ ẹ pè é, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní àgbàlá tiwa, mọ́kànlá la jẹ́. Obìnrin mẹ́sàn-án, ọkùnrin méjì. Ọ̀kan nínú ọkùnrin méjì náà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ni, kò tíì pé ogún ọdún. Èkejì, bàbá àgbà kan tójú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọmọ-ọmọ ẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ wá. Mo bi àwọn tó ń darí ti àdúgbò méjì míì, bákan náà ni, obìnrin, obìnrin, obìnrin, ká wá rí ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ tètè dìde. Bẹ́ẹ̀ tó bá di Sọ́ńdè ọkùnrin kún ìjọ, ẹ ń kọrin, ẹ ń ka Bíbélì kíkà, ẹ̀ ń gbé àpótí ọrẹ, ẹ ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ẹ ò kọ Ọlọ́run. Ibi kékeré yẹn lẹ ò fẹ́ wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi.

Bàbá mi lo ohun tó lé ní ogójì ọdún nínú ìjọ yìí. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò lápá ọ̀tún ni wọ́n máa ń jókòó sí, àwọn àgbà yín mọ ibẹ̀. Ìyá mi ti kú nígbà yẹn, èmi wà ní Kábà pẹ̀lú ọkọ mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà nílùú Èkó àti Àbújá. Nígbà ọyẹ́ ni ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á ní "ara le, ọmọ mi, ṣé àwọn ọmọ wà?" Sọ́ńdè àkọ́kọ́ wọn ò lè dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìkejì wọn ò lè dé, títí ó fi di mẹ́fà. Ọmọ kan tó máa ń wá ra kájú lọ́wọ́ wọn ló wọlé lọ́jọ́ kan tó rí wọn lórí àga, gàrí ni wọ́n ń fi omi tútù mu láàárọ̀ àti lálẹ́ torí wọn ò lè dúró nídìí ààrò, òun ló pè mí.

Ọjọ́ kejì ni mo dé. Mo ń palẹ̀ yàrá mọ́, mo gbé Bíbélì wọn, mo rí owó lábẹ́ ẹ̀, igba náírà, igba náírà, wọ́n ká a lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó jẹ́ mẹ́fà. Mo ní bàbá, owó kí nìyí? Wọ́n ní ọrẹ ni, ti Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan tí àwọn ò lè lọ, àwọn ti yà á sọ́tọ̀ kẹ́ni tó bá wá kí àwọn láti ṣọ́ọ̀ṣì lè bá àwọn mú un lọ. Wọ́n wá dákẹ́. Wọ́n ní "mo rò pé wọ́n á wá."

Mi ò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. A tó irinwó ènìyàn nínú ìjọ, pásítọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni nígbà yẹn, kò tíì mojú, ẹni tó bá sì kíyè sí i pé àyè bàbá ṣófo á rò pé wọ́n ti lọ bá ọ̀kan nínú àwa ọmọ wọn. Gbogbo ènìyàn rò pé ẹlòmíì mọ̀. Bàbá mi lo oṣù méje sí i, dókítà sọ pé ọkàn wọn ló ti rẹ̀ tipẹ́, torí náà mi ò ní sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn dun wọ́n dé ọjọ́ tí wọ́n lọ, èmi ni mò ń tọ́jú wọn, mo mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú lèmi àti ọkọ mi kó padà wálé, ìyàwó pásítọ̀ wá fà mí wọ ìpàdé ilé. Mi ò tíì lọ ju ìgbà márùn-ún lọ tí ibà fi dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí àwọn obìnrin mẹ́ta fi dé ẹnu ilẹ̀kùn mi, ọ̀kan gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání, ọ̀kan ń bi mí irú oògùn tí mo ti lò, ẹ̀kẹta ò sọ nǹkan kan, ó gbé garawa ó lọ pọnmi. Mo sunkún. Wọ́n rò pé ibà ni. Àyè mi ṣófo fún wákàtí kan péré wọ́n ti dìde, ti bàbá mi ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìjọ kan náà ni o. Pásítọ̀ kan náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èmi wà níbi tí wọ́n ti lè ka iye wa.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin ò sí níbi tí wọ́n ti lè kà yín.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé nǹkan òde òní ni, pé àwọn ìjọ ńlá ńlá ìlú Èkó ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Mósè ń fi àárọ̀ ṣúlẹ̀ nídìí ẹjọ́ àwọn ènìyàn, Jẹ́tírò bàbá ìyàwó ẹ̀ ló ní kó pín wọn sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àràádọ́ta, títí dé mẹ́wàá mẹ́wàá, ó wà ní Ẹ́kísódù 18. Kí ló dé tí kò dúró sí ọgọ́rùn-ún? Torí ẹni mẹ́wàá ni ènìyàn lè mọ̀, kó mọ ìyàwó ẹ̀, kó mọ ọmọ ẹ̀, kó mọ̀ pé inú ẹ̀ ò dùn lónìí. Nígbà àwọn àpọ́sítélì náà, inú ilé ni ìjọ wà, Pọ́ọ̀lù kí ìjọ tó wà nílé Pírísílà àti Àkúílà ní Róòmù 16, ó kí ti ilé Fílémónì. Àkúílà yẹn sì rèé, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń pàgọ́ ni, ọkùnrin bíi tiyín, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó sì ṣí ilé ẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti John Wesley, ẹni tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá. Ní 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé tí wọ́n kọ́, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa san án. Ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun, Foy lorúkọ ẹ̀, ló dìde tó ní kí oníkálukú máa san kọ́bọ̀ kan, pẹ́ní kan ti tiwọn, lọ́ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan wà tí ò lágbára pẹ́ní. Ó ní kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tó tálákà jù fún òun, òun á máa lọ gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí ò bá ní, òun á san án fún un. Bí wọ́n ṣe pín gbogbo ìjọ sí méjìlá méjìlá nìyẹn o, ẹnì kan ló ń lọ káàkiri ilé. Ẹ wá wò ó, owó ni wọ́n bá lọ, àmọ́ ìgbà tí wọ́n wọlé ni wọ́n rí i pé ẹni yìí ò jẹun, tọkọtaya yìí ń jà, ẹni yẹn ti padà sídìí ọtí. Wesley rí i pé nǹkan tí òun ti ń wá tipẹ́ nìyí, ó wá sọ ọ́ di ìpàdé tí àwọn méjìlá yẹn á ti máa bá ara wọn sọ òótọ́. Kíláàsì ni wọ́n ń pè é, àwọn Mẹ́tọ́díìsì tiwa ní Nàìjíríà ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ dòní. Ìgbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn, mo ní háà, alájọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀!

Nílẹ̀ Yorùbá níbí náà, ní 1918 nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ènìyàn, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì ti jáde wá nígbẹ̀yìn. Ẹnì kan ò lè sọ ohun tí ènìyàn mẹ́wàá lè dà.

Àmọ́ kí ni mo ń lọ jìnnà sí. Ẹ̀yin ọkùnrin wa, ẹ mọ èyí ju èmi lọ. Àwọn bàbá wa ní Yàgbà, ní Ìjùmú, ní Bùnú, nílẹ̀ Òwé, wọn ò dá oko ro. Wọ́n ń ṣe àáró, lónìí a wà lóko tèmi, lọ́la a wà lóko tìrẹ, ẹni tí ò bá sì rí ẹnì kejì ẹ̀ lóko láàárọ̀ yẹn máa yà nílé ẹ̀ kó tó lọ síbì kankan. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ kì í pa ìpàdé ẹ̀ẹ́sú jẹ, ẹ kì í pa ìpàdé ọmọ ìlú jẹ, ẹ̀ ń ṣọ́dẹ àdúgbò lóru nígbà tí oorun ń kun gbogbo ènìyàn. Torí náà ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ mọ́ pé ọkùnrin ò fẹ́ràn ìpàdé.

Kí là ń ṣe ní ìpàdé ọ̀hún gan-an? Mo rò pé ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀, ẹ rò pé ìjọ kékeré kan ni, pẹ̀lú ìwàásù àti ọrẹ. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ǹṣì méjì àti àga ráńpẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, tójò bá rọ̀ a ó bọ́ sí fàráńdà. Orin kan, àdúrà kúkúrú, a ó ka ibi tí pásítọ̀ fi wàásù ní Sọ́ńdè, a ó wá máa bi ara wa ní ìbéèrè. Níbẹ̀ ni màmá kan tí ò mọ̀wé kà ti béèrè lọ́jọ́ kan pé, kí ni Jésù ń ṣe ní gbogbo ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù? Kò sẹ́ni tó lè na ọwọ́ bi pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí pẹpẹ. Gbogbo wa ń wo ara wa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà yẹn ló dáhùn, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ó ní "ó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ni, mo rò pé ó máa ń rẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń rẹ̀ mí." Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, iná wẹ́dà ti jó o káàkiri, àpá dúdú dúdú. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé bàbá ẹ̀ ti kú, pé òun ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun, pé ẹ̀ẹ̀kan lòun ń jẹun lójúmọ́.

A ti yanjú ti oúnjẹ, ìyẹn rọrùn, ilé kan ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn béèrè àwọn nǹkan míì lẹ́yìn ìgbà náà, nípa obìnrin tó ń wù ú, nípa ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ní kó jẹ́ káwọn lọ ṣe yàhúù, nípa bó ṣe máa bá ọ̀gá ẹ̀ sọ̀rọ̀ láì jà. Obìnrin mẹ́sàn-án la jókòó yí i ká, a sọ ohun tá a mọ̀, àmọ́ mo ń wo ojú ẹ̀, bàbá ló ń wá. Èmi ò lè ṣe bàbá fún un. Bàbá àgbà wa ń gbìyànjú, àmọ́ etí wọn náà ti ń wúwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ẹ̀ kọjá, ẹ wà nílé yín, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí wa, ẹ ń wo bọ́ọ̀lù.

Mo mọ àwọn ohun tẹ́ ẹ máa sọ, torí mo ti gbọ́ wọn lẹ́nu ọkọ mi.

Pé ó ti rẹ̀ yín. Òótọ́ ni. Ẹni tó ti oko dé á rẹ̀ ẹ́. Ẹ wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ oko yín, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ wọ aṣọ òkè.

Pé ọ̀nà ò dáa, àwọn ajínigbé wà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà ní agbègbè wa, kò sí ìdílé tí ẹ̀rù ẹ̀ ò tíì bà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àdúgbò sí àdúgbò, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn, ilẹ̀ ò sì ní ṣú bá ẹnikẹ́ni, agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ a ti túká. Ìpàdé alẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù ju tiwa lọ.

Pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbàdúrà sókè tàbí kẹ́ ẹ ka Bíbélì lójú ènìyàn. A ò ní bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ò bá fúnra ẹ̀ sọ pé òun fẹ́.

Èyí tó kù ló le, ọ̀rọ̀ òfófó. Ẹ̀gbọ́n kan sọ ọ́ sí mi lójú, ó ní "ṣé kí n wá sọ ìṣòro mi níwájú ìyàwó oníyàwó, kó tó dàárọ̀ kó ti dé ọjà?" Mi ò lè jiyàn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan láàárín wa, ó sọ ohun tó wà láàárín òun àti ọkọ ẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n bi í nídìí tòmátì. Kò wá mọ́. A lọ bẹ̀ ẹ́, a lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò wá mọ́, ó sì ń dùn mí títí di báyìí. Láti ọjọ́ yẹn la ti jọ ṣàdéhùn, ohun tí wọ́n bá sọ lábẹ́ máńgòrò kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu géètì, ẹni tó bá ṣẹ̀ sí i, ìta gbangba ìpàdé náà la ti máa bá a wí. Mi ò ní búra fún yín pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tí ò sọ fún ẹnikẹ́ni náà ò bọ́, mo ti rí owó lábẹ́ Bíbélì.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò lè sọ ọ̀rọ̀ yín níwájú obìnrin, ẹ dá tiyín sílẹ̀! Àní mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí fún àwọn ọ̀rọ̀ kan. Ẹ lè ṣe é láàárọ̀ Sátidé kẹ́ ẹ tó lọ oko, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọkùnrin mẹ́fà, àwa obìnrin á gbé tíì wá a ó sì padà sílé. Mi ò bínú sí i rárá. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọmọ wẹ́dà yẹn dání.

Ẹ̀yin ẹ́lídà wa, mo ní ọ̀rọ̀ kékeré fún yín lọ́tọ̀, ẹ dárí jì mí. Kíké tí ẹ̀ ń ké orúkọ àwọn tí ò wá sí ìpàdé ilé nínú ìjọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sílẹ̀. Kò mú ẹnikẹ́ni wá, ìtìjú ló ń kó bá ènìyàn, ọkùnrin tí wọ́n dójú tì kì í padà. Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó kúrò níbẹ̀, tí ìpàdé ilé bá tún ti di ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìkọ́lé, àwọn tí ò lówó lọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ sá, àwọn náà gan-an là ń wá. Ẹ̀yin fúnra yín, mélòó nínú yín ló ti wọ ìpàdé ilé kan rí lọ́dún yìí? Ọjọ́ tí ẹ́lídà kan bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa tó sọ pé "ọmọ mi ń dà mí láàmú, ẹ bá mi gbàdúrà," mo fi dá yín lójú, ọ̀sẹ̀ kejì ọkùnrin á dé.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ bí Titcombe ṣe dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, òyìnbó kan ṣoṣo láàárín Yàgbà. Ìyìn rere tó mú wá ti di ilé ìwé, ti di ọsibítù, ti di àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé wọn ń dán láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Mọpà dé ọ̀dọ̀ wa níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n òrùlé ò lè mọ̀ pé bàbá mi ò wá.

Mo bẹ̀ yín, Ọjọ́rú mẹ́rin péré. Ẹ má ṣèlérí ọdún kan fún mi. Ẹ wá lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìkẹrin kò sí nǹkan tẹ́ ẹ rí, mi ò tún ní yọ yín lẹ́nu mọ́, a ó máa kí ara wa ní Sọ́ńdè. Ọkọ mi ti lọ ẹ̀ẹ̀mejì báyìí. Lákọ̀ọ́kọ́ kò lanu. Lẹ́ẹ̀kejì, òun àti ọmọ wẹ́dà yẹn dúró sẹ́nu géètì lẹ́yìn tá a túká, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, mi ò sì bi í.

Agogo márùn-ún, lábẹ́ máńgòrò, ẹ ó rí bẹ́ǹṣì méjì yẹn látojú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti apá odò kó máa wolẹ̀ dáadáa, àgbàrá ti wa ẹ̀yìnkùlé wa jìn.

Ọmọ yín, àbúrò yín,
láti àgbàlá ìpàdé ilé wa, Ìsánlú